Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi géèmù jẹun: bí olówó bá yí ètò padà, ta ni yóò fara gbá a?

Eré ni ọ̀pọ̀ òbí ń pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, owó ńlá sì wà nídìí rẹ̀. Géèmù tí àwọn ọmọ ń tẹ̀ lórí fóònù, tí àwọn bàbá ń tìtorí rẹ̀ jágbe pé kí wọ́n gbé e jù sílẹ̀ kí wọ́n lọ kàwé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń ṣe gba owó oṣù. Ẹnìkan yóò ya àwòrán rẹ̀, ẹnìkan yóò kọ èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ohun tó máa ṣe, ẹlòmíràn yóò ṣe orin àti ohùn inú rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì máa dán an wò láti àárọ̀ dalẹ́ kí ó lè rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Láti nǹkan bí ọdún 2012 ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń fìdí múlẹ̀ ní Èkó, àwọn ọmọ wa sì ń wọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, gbọ̀ngbọ̀n. Ibẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí Gbénga Daniel jẹ́ gómìnà, dá yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Táí Ṣólàrín pè sílẹ̀ ní ọdún 2005, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí TASUED. Olùkọ́ ni wọ́n ní kí ó máa kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni yóò dúró níwájú pátákó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wo Èkó, ó sì ń wo òkè òkun, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà dunjú lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kí ó sì máa gba dọ́là.

Bí wọ́n ṣe máa rí iṣẹ́ náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún wọn. Ohun tí a kì í sọ fún wọn ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá yí ètò rẹ̀ padà. Èyí ló sì yẹ kí a gbé yẹ̀wò, nítorí iṣẹ́ kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ ẹni nínú òwò géèmù torí pé onítọ̀hún kò mọ iṣẹ́. Ó lè mọ iṣẹ́ bí ẹní mowó, kí géèmù tó ṣe dùn, kí àwọn ènìyàn máa yìn ín, síbẹ̀ kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹlòmíràn ló ń pinnu, ìlú tí òṣìṣẹ́ náà kò dé rí ni wọ́n sì ti lè pinnu rẹ̀. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ó yẹ kí ó na ọwọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí òwò náà ṣe rí. Oníṣòwò tó kọ́ ìsọ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá fẹ́ lo ilẹ̀ rẹ̀, ìsọ̀ yóò wó, bí ọjà tilẹ̀ ń tà wàràwàrà níbẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń ṣe géèmù fóònù ti ń tajà. Bí fóònù bá jẹ́ Android, ọjà Google ni géèmù sábà máa ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ iPhone, ọjà Apple ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì fi ń mú 30 nínú 100 owó tí oníbàárà bá san. Ó di ọdún 2021 kí wọ́n tó gbà láti máa mú 15 lọ́wọ́ àwọn kéékèèké tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Onílẹ̀ ló ń sọ iye owó ìsọ̀, òun ló sì ń sọ ohun tí wọ́n lè tà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ọjà yóò tú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ nítòsí, kó wo ilé-iṣẹ́ Gamsole. Abíọ́lá Ọláníran, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2012. Ó ti wà lára àwọn tó ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Imagine Cup tí Microsoft ṣe ní Poland ní ọdún 2010. Nígbà tí òwò máa bẹ̀rẹ̀, fóònù tí Microsoft ń gbé lárugẹ, ìyẹn Windows Phone, ló dojú kọ. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ọjà Android àti ti Apple ti kún fọ́fọ́, ẹni tuntun kò rí àyè pàtẹ. Ṣùgbọ́n ọjà Windows ṣì ṣófo, ẹni tó bá tètè dé ibẹ̀ ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ rí. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn Forbes fi kà á mọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò tó ń gbérí nílẹ̀ Áfíríkà, tí ìròyìn sì ń sọ pé àwọn ènìyàn ti gba géèmù ilé-iṣẹ́ náà sórí fóònù ní ìgbà tó ju mílíọ̀nù 9 lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni onílẹ̀ ń rò lápá ibi tirẹ̀? Láti ọdún 2011 ni Microsoft ti bá Nokia dòwò pọ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2014, ó parí ríra ẹ̀ka fóònù Nokia. Ọ̀gá tuntun, Satya Nadella, ti gorí àga ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ibòmíràn ni ojú tirẹ̀ sì wà. Ní oṣù keje 2014, wọ́n kéde pé àwọn yóò dá òṣìṣẹ́ tó tó 18,000 dúró, àwọn bí 12,500 nínú wọn ló sì jẹ́ ti ẹ̀ka Nokia. Nígbà tó di oṣù keje 2015, wọ́n gbà pé dọ́là bílíọ̀nù 7.6 nínú òwò fóònù náà ti wọmi, wọ́n sì tún ní àwọn ó dá àwọn tó tó 7,800 dúró. Ní 2017, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé kò sí ohun tuntun tí àwọn tún fẹ́ fi kún fóònù náà. Ní oṣù kìíní 2020, wọ́n ṣe àtúnṣe ìkẹyìn sí i, ó parí.

Kò sí ẹni tó sọ pé géèmù tí àwọn ọmọ Èkó ṣe kò dára. Kò sí ẹni tó ní wọ́n jalè tàbí pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Wọn kò sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti pinnu ọ̀rọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó máa ránṣẹ́ pè wọ́n kí ó tó pinnu. Síbẹ̀, ọjà tí wọ́n pàtẹ sí di ahoro. Ohun tí à ń pè ní ìyípadà ètò òwò nìyẹn: ìwé ni àwọn ọ̀gá fi ń kọ ọ́, ìgbésí ayé ni òṣìṣẹ́ fi ń kà á.

Kì í sì í ṣe ọjà nìkan ló ní onílẹ̀; irinṣẹ́ náà ní onílẹ̀. Ní ọdún 2012 yẹn náà ni Hugo Obi dá ilé-iṣẹ́ Maliyo sílẹ̀ ní Èkó. Géèmù kéékèèké tí ènìyàn lè ṣí lójú íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn èyí tó dá lórí ìgbésí ayé wa, bí ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà àti ti ẹ̀fọn. Láyé ìgbà yẹn, Flash tí Adobe ni ló jẹ́ irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú géèmù ojú íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n Apple kò gba Flash láyè lórí iPhone, nígbà tí àwọn ènìyàn sì fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ tí wọ́n di fóònù mú, àsìkò Flash bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Adobe kéde ní 2017 pé òun yóò pa á tì, nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, ó pa á tì lóòótọ́. Ọ̀gá tó ti fi ọdún gbọọrọ mọ Flash bí ẹní mọ ilé bàbá rẹ̀ ní láti padà di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ ni Unity, irinṣẹ́ mìíràn tí ẹni tí kò lówó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ilé-iṣẹ́ Unity ṣàdédé kéde pé láti ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tó bá fi irinṣẹ́ òun ṣe géèmù, bí géèmù náà bá ti gbajúmọ̀ dé àyè kan, yóò máa sanwó ní gbogbo ìgbà tí ẹni tuntun bá gbé e sórí fóònù rẹ̀. Ariwo ta ní gbogbo àgbáyé. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, John Riccitiello, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ní oṣù kìíní 2024, Unity ní òun yóò dá òṣìṣẹ́ òun tó tó 1,800 dúró, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo wọn. Nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n fagi lé owó náà. Ọdún kan gbáko ni àwọn tó fi irinṣẹ́ náà jẹun fi wà nínú àìmọ̀dí.

Ìdí kẹta tí ètò fi ń yí padà ni owó. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ géèmù fóònù. Ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń pa owó, tàbí kí wọ́n máa ta ohun kéékèèké nínú géèmù náà fún ẹni tó ń ṣe é. Owó tí ẹni tó ń polówó ọjà máa san lórí ẹni tó wo ìpolówó rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kéré jọjọ sí èyí tó máa san lórí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó sì fẹ́ ra nǹkan nínú géèmù, ó lè má ní káàdì tí ọjà Google tàbí ti Apple máa gbà. Abájọ tí ilé-iṣẹ́ Carry1st, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 pẹ̀lú gbígbé géèmù jáde fún àwọn ará Áfíríkà, fi wá sọ ọ̀nà ìsanwó di apá ńlá nínú òwò rẹ̀. Abájọ tí Maliyo náà fi kúrò lójú íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí fóònù, tó dá ètò GameUp Africa sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, tó sì bá Disney ṣe géèmù Iwájú: Rising Chef ní ọdún 2024, èyí tó bá eré Iwájú tí Disney àti Kugali gbé jáde rìn.

Ìwúrí ni fún wa pé orúkọ bíi Disney bá ilé-iṣẹ́ Èkó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a wo irú ìyípadà yìí láti ibi tí òṣìṣẹ́ jókòó sí, ní ilé-iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Ẹni tí wọ́n gbà torí pé ó lè ronú géèmù fúnra rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń ya ohun tí oníbàárà òkè òkun ní kó yà. Ẹni tí wọ́n gbà pé kó máa kọ géèmù lè di olùkọ́ ọ̀sán kan òru kan. Bí iṣẹ́ oníbàárà bá tán tí òmíràn kò dé, owó oṣù di ọ̀rọ̀ àdúrà. Kí ó tó di oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí 460 náírà ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi dọ́là san owó irinṣẹ́, tó sì ń pa owó rẹ̀ ní náírà, kò ní ṣàì wá ibi tí yóò ti dín ìnáwó kù. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìlówó Nàìjíríà ló fà á. Àwọn tó lówó jù láyé náà ń ṣe é, tiwọn tilẹ̀ pọ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá 2023, Microsoft parí ríra Activision Blizzard ní dọ́là bílíọ̀nù 68.7. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní 2024, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ géèmù 1,900 máa lọ. Ní oṣù kejì, Sony náà kéde pé àwọn 900 yóò lọ, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ́nù pa. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Microsoft kéde pé òun yóò ti Tango Gameworks pa ní Tokyo, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Hi-Fi Rush ní 2023, géèmù tó gba àmì-ẹ̀yẹ tí gbogbo ènìyàn sì ń yìn. Oṣù karùn-ún yẹn náà ni ìròyìn jáde pé Microsoft fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó dá sílẹ̀ ní Èkó pa. Tokyo ni o, Èkó ni o, ọwọ́ kan náà ló tì í.

Ó yẹ kí a gbọ́ ẹnu àwọn ọ̀gá náà. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, ayé ń ṣe géèmù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó wọlé yàà, èlé orí owó tí ènìyàn lè yá kéré, àwọn ilé-iṣẹ́ sì gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ. Nígbà tí ayé ṣí padà, àwọn ènìyàn jáde kúrò nílé, èlé lọ sókè ní 2022, owó tí wọ́n fojú sọ́nà fún kò sì wá. Ọ̀gá tí kò bá yí ètò padà nígbà tí ọjà bá yí, ó lè pàdánù ilé-iṣẹ́ náà pátápátá, tí gbogbo ènìyàn yóò sì jọ wà nínú ilé láìsíṣẹ́. Òótọ́ ni. A kò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ má yí padà. Ohun tí à ń béèrè ni pé ta ló yẹ kó ru ẹrù àṣìṣe ìṣírò náà? Àwọn tó ṣe ìṣírò ni àbí àwọn tí wọ́n ń gbé ìṣírò fún?

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà ṣe é. Nígbà tí ọjà Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáàn kò tà tó bí wọ́n ṣe rò ní oṣù kìíní 2014, Satoru Iwata tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn gé owó oṣù tirẹ̀ sí méjì, ó sì gba ìdajì fún oṣù márùn-ún. Àwọn ọ̀gá tó tẹ̀lé e náà fi apá kan nínú owó tiwọn sílẹ̀. Ó ti sọ ọ́ ṣáájú pé bí òṣìṣẹ́ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n lè lé òun nígbàkigbà, kò ní lè ṣe géèmù tó wú ènìyàn lórí. Nígbà tó di 2017, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Switch jáde, ayé sì ń rà á bí ẹní ra iyọ̀. A kò sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ní irú owó tí Nintendo ní nípamọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rùn òṣìṣẹ́ kọ́ ni ọ̀bẹ gbọdọ̀ kọ́kọ́ kàn.

Àwọn ará Ìjagun mọ ohun tó ń jẹ́ kí aláṣẹ yí ọkàn padà. Ní ọdún 2012, ìjọba Ìbíkúnlé Amósùn kéde pé òun yóò da TASUED pọ̀ mọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìdààmú bá olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ètò náà kò dúró, yunifásítì náà wà ní àyè rẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì di ti Àbújá. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ géèmù. Bí ìjọba bá fẹ́ fọwọ́ kan yunifásítì, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wà, àwọn òbí wà, àwọn ọba àti àwọn aṣòfin wà, ọ̀rọ̀ náà yóò di ọ̀rọ̀ ìlú. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tó ń ṣe géèmù nínú yàrá kan ní Yábàá kò ní irú ariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà ló tó láti tú wọn ká.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé. Òfin òṣìṣẹ́ wa, tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1974, tó sì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2004, sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ kéré sí òṣìṣẹ́. Abala 20 rẹ̀ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bí a bá ti wo ìmọ̀ àti òye oníkálukú mọ́ ọn. Àti pé kí agbanisíṣẹ́ sapá láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa gbà lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ṣí ìwé dé abala 91, níbi tí òfin náà ti sọ ẹni tí ó ń pè ní òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ agbára tàbí iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ aláṣẹ, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ já ara rẹ̀ gbà yóò sọ pé ẹni tó ń kọ géèmù wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ yìí, èdè òfin náà yóò sì gbè é lẹ́yìn. A jẹ́ pé ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ géèmù ní ààbò abala 20, ẹni tó ń kọ géèmù náà kò ní. Ní 1974 tí wọ́n ṣe òfin yìí, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni ọ̀gá tó ní mọ́tò àti ilé ìjọba. Lónìí, ó lè jẹ́ ọmọ ọdún 23 tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹni méjì.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ dá ènìyàn 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró láàrin 90 ọjọ́ gbọdọ̀ kọ́kọ́ bá aṣojú wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1988 ni òfin ti wà pé ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọdọ̀ fún wọn ní 60 ọjọ́ kí ó tó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ géèmù níbẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán: ní oṣù kejìlá 2018, àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ní oṣù karùn-ún 2022, àwọn tó ń dán géèmù wò ní Raven Software ní Amẹ́ríkà dìbò pé àwọn fẹ́ ẹgbẹ́.

Kí wá ni ọmọ Ìjagun tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí máa ṣe? A kò ní kó má wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì dára kí àwọn ọmọ wa máa fi ìtàn àti ìṣe wa ṣe géèmù, kí ó má jẹ́ pé ti ẹlòmíràn nìkan ni wọn yóò máa ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Níwọ̀n ìgbà tí òfin kò bá ti dáàbò bo ènìyàn, ìwé àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ nìkan ni ààlà rẹ̀. Kó kà á kó tó fọwọ́ sí i. Oṣù mélòó ni wọ́n máa fi sọ fún un tẹ́lẹ̀ bí iṣẹ́ bá máa tán? Èló ni wọn yóò san fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò? Bí wọ́n bá ní kó gba owó kékeré báyìí kó sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ṣé ìpín náà wà nínú ìwé, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí i bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́ náà? Ṣé orúkọ rẹ̀ yóò wà lára àwọn tó ṣe géèmù, ṣé wọ́n sì gbà kó fi iṣẹ́ náà han ẹlòmíràn nígbà tó bá ń wáṣẹ́? Ọ̀gá tó bá bínú torí pé ènìyàn béèrè ìwọ̀nyí ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ìkejì, kó má ṣe so ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ irinṣẹ́ kan ṣoṣo. Flash lọ, Windows Phone lọ. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ronú ètò kọ̀ǹpútà, tó mọ ìṣirò, tó mọ àwòrán, kò lọ pẹ̀lú wọn. Ẹ rántí àwọn Tango tí wọ́n tì pa ní Tokyo. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2024, ilé-iṣẹ́ Krafton ti Kòríà Gúúsù kéde pé òun yóò gbà wọ́n, pẹ̀lú Hi-Fi Rush tí wọ́n ṣe. Ohun tó wà lórí wọn àti orúkọ tí iṣẹ́ wọn ti ní ni Krafton rí. Táí Ṣólàrín tí yunifásítì Ìjagun ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò fẹ́ kí ìwé gbé ara rẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ ọwọ́. Ní Mayflower tó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ oko pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìjagun fi èyí sọ́kàn, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kún ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Kò dára kí ọmọ mọ èdè mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà gbọ́ kó má sì lè ka ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́.

Àwọn aṣòfin ni iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ wọn. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ láti tún abala 91 kọ, kí ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ lè bá ayé tí a wà yìí mu. Àwọn tí a dìbò fún láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà ní Àbújá. Ìbéèrè yìí ló yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wọn bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá tún wá béèrè ìbò, dípò ìrẹsì àti àǹkárá. Ìjọba ń sọ lójoojúmọ́ pé kí àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, pé ibẹ̀ ni ọjọ́ iwájú wà. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ iwájú lóòótọ́, kí ló dé tí òfin tó yẹ kó dúró ti ẹni tó bá débẹ̀ fi kù sí 1974?